MÁÀKÌ TÍ Ó KÉRÉ ÀTI ILÉ-Ẹ̀KỌ́ ÒWÒ ALẸ́

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba ni. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-kéwú wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jùlọ. Ẹlòmíràn nínú yín fẹ́ gba oyè MBA láì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n máàkì ìdánwò GMAT rẹ̀ kò pọ̀, ojú sì ń tì í láti kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́. Islam kò kórìíra òwò. Ànábì wa pàápàá bá Khadijah ṣòwò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Apá mẹ́ta ni GMAT ní: ìṣirò, èdè Gẹ̀ẹ́sì, àti bí a ti ń túmọ̀ àkọsílẹ̀ oníṣirò. Ìṣẹ́jú 45 ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè 64 sì ni gbogbo rẹ̀. Láti 200 dé 800 ni máàkì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún 2024, 205 dé 805 nìkan ni ó kù. Òṣùwọ̀n méjèèjì kò dọ́gba o! Ẹni tí ó gba 645 nínú tuntun kò jìnnà sí ẹni tí ó gba 700 nínú ti àtijọ́. Kí ènìyàn tó banújẹ́, kí ó kọ́kọ́ mọ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Kí ni ilé-ẹ̀kọ́ ń fi ìdánwò náà wá? Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni náà yóò lè ru ẹrù ẹ̀kọ́ wọn, pàápàá ti ìṣirò. Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ àti ti òpin ọ̀sẹ̀, bí irú èyí tí Booth ní Chicago àti Haas ní Berkeley ń ṣe, òṣìṣẹ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹni pẹ̀lú.

Èkíní, ẹ lè tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 16, títí dé ìgbà 5 láàrin oṣù 12. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ ti kùnà.

Èkejì, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ń gba GRE tàbí Executive Assessment dípò GMAT. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀kẹta, bí ìṣirò ni kò dán mọ́rán, ẹ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ statistics tàbí ìṣirò owó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, kí ẹ sì gba A. Ẹlẹ́rìí tó dájú ni.

Ẹ̀kẹrin, kí ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ yín kọ lẹ́tà: kí ó sọ ohun tí ẹ ṣe gan-an, kí ó má kàn máa yìn yín.

Ẹ̀karùn-ún, bí wọ́n bá fi àyè àlàyé sílẹ̀, ẹ kọ ìdí rẹ̀ ní ìlà díẹ̀, láì bẹ̀bẹ̀, kí ẹ sì sọ àtúnṣe tí ẹ ti ṣe.

Ní ti owó, ẹ béèrè níbi iṣẹ́ kí ẹ tó sáré lọ yá owó elérè. Òfin Amẹ́ríkà gbà kí ilé-iṣẹ́ san tó $5,250 lọ́dún fún ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ láì sí owó-orí lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bọ̀ láti ilé pẹ̀lú físà F-1 kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí físà náà ń béèrè ẹ̀kọ́ kíkún.

Ìkìlọ̀ kan kù. Bí ẹnìkan bá ní òun yóò bá yín jókòó ṣe é, tàbí òun yóò ta ìbéèrè fún yín, ẹ sá fún un. Ní ọdún 2008, àwọn tí ó ni GMAT fagi lé máàkì àwọn kan tí wọ́n lo ìbéèrè jíjí láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fi tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọn létí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tí yóò ṣọ́ owó ẹlòmíràn lọ́la, ṣé ó yẹ kí ó fi èrú wọlé lónìí? Máàkì kékeré tí ó jẹ́ ti ẹni sàn ju ńlá tí a jí lọ.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní kẹ́ wa. Àmín.