Òjò, Ẹ̀ẹ̀rùn àti Ibà Pọ́njú: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Àgbẹ̀ Kòkó

Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ pé ojú ọjọ́ ni ọ̀gá iṣẹ́ oko. Bí òjò bá pọ̀ jù, èso kòkó a máa dúdú lórí igi. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì le jù, kòkó kékeré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn a máa kú. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì fiyè sí ni pé ojú ọjọ́ kan náà ni ó ń darí àwọn àrùn tí ẹ̀fọn ń gbé kiri. Nínú ìwé kékeré yìí, a ó sọ̀rọ̀ nípa ọ̀kan nínú wọn, èyí tí í ṣe ibà pọ́njú. A yàn án nítorí pé ó ti ṣe Ògbómọ̀ṣọ́ àti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ibi rí, àti nítorí pé oko wà lára ọ̀nà tí ó máa ń gbà wọ ìlú.

Irú àrùn tí ó jẹ́

Ibà pọ́njú yàtọ̀ sí ibà tí a mọ̀ mọ́ ara wa lọ́dọọdún. Ẹ̀fọn òru ni ó ń gbé ibà ti ọdọọdún; ẹ̀fọn ọ̀sán ni ó ń gbé ibà pọ́njú. Ẹ̀fọn ọ̀sán yìí dúdú, ó kéré, ó sì ní ilà funfun ní ẹsẹ̀ àti ní ara. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń jẹ ènìyàn jù. Nítorí náà, ẹni tí ó ń sùn lábẹ́ àpò ẹ̀fọn lóru ti ṣe ohun tí ó dára, ṣùgbọ́n kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ti ọ̀sán.

Láàárín ọjọ́ 3 sí 6 lẹ́yìn tí ẹ̀fọn tí ó ní àrùn bá ti jẹ ènìyàn, ara rẹ̀ yóò gbóná, orí àti ẹ̀yìn yóò máa dùn ún, èébì yóò sì máa gbé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ara wọn a máa yá lẹ́yìn èyí. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ wà tí ibà náà yóò fi sílẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ kan, tí yóò sì padà pẹ̀lú agbára. Ẹyin ojú wọn yóò di àwọ̀ ìyeyè, ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde ní ẹnu àti ní imú wọn, èébì wọn a sì dúdú. Nínú àwọn tí ó bá dé ipò yìí, nǹkan bí ìdajì a máa kú láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Kò sí oògùn tí ó ń pa kòkòrò àrùn náà nínú ara. Ìtọ́jú nìkan ni àwọn oníṣègùn lè ṣe. Ìdí nìyí tí ó fi ṣe pàtàkì kí a dí ọ̀nà mọ́ ọn kí ó tó dé.

Bí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń darí rẹ̀

Ẹ̀fọn ọ̀sán kì í yé ẹyin rẹ̀ sínú odò tàbí àbàtà. Ohun èlò tí omi mímọ́ wà nínú rẹ̀ ni ó fẹ́: àmù, àgbá, táńkì, agolo, táyà àtijọ́. Ara ògiri ohun èlò náà, ní òkè díẹ̀ sí ojú omi, ni ó máa ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́. Bí omi bá gbẹ, ẹyin náà kò kú. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ọyẹ́ fẹ́ lù ú, kí oòrùn pa á, bí irúgbìn tí ń dúró de òjò nínú ilẹ̀. Ní ọjọ́ tí omi bá tún kàn án, yóò pa. Bí ojú ọjọ́ bá gbóná, kò ju nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10 lọ tí ẹyin yóò fi di ẹ̀fọn tí ń fò.

Ooru pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀fọn bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tí àrùn wà lára rẹ̀, kì í lè ran ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀. Kòkòrò àrùn náà ní láti pọ̀ nínú ẹ̀fọn fún nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14. Bí ooru bá mú, ọjọ́ wọ̀nyí a dín. Bí òtútù bá mú, wọn a pọ̀ sí i, ẹ̀fọn mìíràn a sì ti kú kí wọ́n tó pé. Nítorí náà, àkókò tí ooru àti òjò bá pàdé ni àkókò ewu.

Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: kì í ṣe òjò nìkan ni ó ń mú ẹ̀fọn ọ̀sán pọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn náà ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwa tìkára wa ni ó ń gbà ṣe é. Nígbà tí kànga bá gbẹ, tí omi sì ṣọ̀wọ́n, gbogbo ilé ni yóò máa pọn omi pamọ́. Ẹ̀fọn tí ì bá kú nítorí àìsí omi yóò wá rí ibùgbé nínú iyàrá wa. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá dé, àwọn ẹyin tí ń bẹ níta yóò pa lọ́wọ́ kan náà, ti ilé àti ti ìta yóò sì parapọ̀. Bí ayé ṣe ń gbóná sí i ní àkókò tiwa yìí, tí òjò sì lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó tún dá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi ìpamọ́ ni àwọn ènìyàn yóò túbọ̀ máa gbẹ́kẹ̀ lé.

Ohun tí ojú ilẹ̀ wa ti rí

Ní ọdún 1946, ibà pọ́njú jà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn náà, ó jà ní ilẹ̀ Jos ní ọdún 1969, ó sì jà ní ilẹ̀ Benue ní ọdún 1986. Ní oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún ọdún 1987, ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nígbà tí ilẹ̀ Ọ̀ṣun ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ wo oṣù tí ó yàn: ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, tí àmù kún nínú ilé, tí òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Ẹ̀fọn ọ̀sán inú ilé ni àwọn tí ó ṣe ìwádìí rí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gbé e kiri. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, a tún rí i ní agbègbè Ìfẹ́lódùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara, tí ó bá wa pààlà. Àrùn náà kò tíì kúrò ní àdúgbò wa.

Ibi tí oko kòkó ti wọ ọ̀rọ̀ náà

Nínú igbó, ara ọ̀bọ ni kòkòrò àrùn yìí ń gbé. Ẹ̀fọn mìíràn, tí ń pa ọmọ rẹ̀ nínú omi òjò tí ó dúró sí ihò igi, ni ó ń gbé e láti ọ̀bọ kan sí òmíràn ní òkè igi. Àwọn àgbà ní òjò ni ó pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òjò ṣe ń pa ọ̀bọ, ẹ̀fọn àti àgbẹ̀ pọ̀ ní etí igbó. Àgbẹ̀ tí ẹ̀fọn jẹ ní oko yóò gba ìlú lọ. Ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ̀fọn inú ilé lè gba àrùn náà lára rẹ̀, kí ó sì fi ran aládùúgbò. Bí ìjà kékeré etí igbó ṣe ń di àjàkálẹ̀ nínú ìlú nìyí.

Yàtọ̀ sí èyí, oko fúnra rẹ̀ ń pèsè omi fún ẹ̀fọn. Èèpo kòkó tí a fọ́ tí a sì dà sílẹ̀ dà bí igbá kékeré. Bí ó bá dojú sókè, òjò yóò kún un. Kòkó kékeré máa ń yọ ní ìgbà àkọ́rọ̀, kòkó ńlá sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí yọ nígbà tí àrọ̀kúrò kò tíì dá. Nítorí náà, ìgbà méjèèjì tí èèpo pọ̀ ní oko ni òjò wà. Ìtẹ́ ewé kókò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, tí a ń gbìn sáàárín kòkó, a máa gba omi dúró pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí jó gbogbo ilẹ̀ oko rẹ̀. Àwọn kòkòrò kéékèèké kan wà, tí wọn kò tó ẹ̀fọn, tí ń gbé lúlúù òdòdó kòkó láti ara igi kan dé òmíràn. Bí kò bá sí wọn, òdòdó kì yóò di èso. Inú èèpo kòkó àti ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ń jẹrà ni wọ́n ti ń bí ọmọ. Omi tí ó dúró ni ọ̀tá wa. Kì í ṣe èèpo tí ń jẹrà.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

1. Ní oko, ẹ yan ibi kan ṣoṣo fún fífọ́ kòkó. Ẹ gé èèpo sí wẹ́wẹ́ tàbí kí ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí ẹ sì kó o jọ láti jẹrà. Èso tí àrùn ti sọ di dúdú ni kí ẹ yà sọ́tọ̀, kí ẹ sì rì mọ́lẹ̀. Èyí tí ẹ bá fẹ́ sá gbẹ, eérú rẹ̀ dára fún ọṣẹ dúdú, owó sì ni.

2. Ẹ fi yẹ̀pẹ̀ dí ihò igi tí ó wà nítòsí abà àti ibi tí ẹ ti ń fọ́ kòkó.

3. Ní ilé, ẹ fi aṣọ tàbí ìdérí tí ó bá ẹnu mu bo gbogbo omi ìpamọ́, ìbáà ṣe àmù ní ìsàlẹ̀ ìlú, ìbáà ṣe táńkì àti àgbá ní àwọn ilé tuntun bí ti Under G.

4. Lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 7, ẹ da omi àmù nù, kí ẹ sì fi kànrìnkàn fọ inú rẹ̀. Dída omi nù nìkan kò tó, nítorí ara ògiri ni ẹyin lẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe fi èyí sílẹ̀ títí òjò yóò fi dé; oṣù kejì àti oṣù kẹta ni kí ẹ múra sí i jù.

5. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọdún 1937 ni a ṣe é, láti ara kòkòrò àrùn tí a rí lára ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Ghana ní ọdún 1927. Ẹyọ kan péré ń dáàbò bo ènìyàn títí ayé, ó sì wà lára àwọn abẹ́rẹ́ tí a ń fún ọmọ oṣù 9 ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹni tí ń lọ sí oko etí igbó tí kò gbà á rí, kí ó béèrè ní ilé ìwòsàn kí àkọ́rọ̀ tó dé.

6. Bí ara ẹnìkan bá gbóná lẹ́yìn tí ó ti oko dé, ẹ gbé e sábẹ́ àpò ẹ̀fọn ní ọ̀sán àti ní òru, kí ẹ sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ojú rẹ̀ bá pọ́n, ẹ má ṣe dúró rárá. Ẹ má sì fún un ní aspirin, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ fún òjò tàbí kí ó dá ẹ̀ẹ̀rùn dúró. Ṣùgbọ́n àmù tí ń bẹ nínú iyàrá àti èèpo tí ń bẹ ní oko wà ní ìkáwọ́ wa. Ẹni tí ó bá lè kàwé, kí ó ka ìwé yìí fún àwọn ará abà rẹ̀, kí olúkúlùkù sì bẹ̀rẹ̀ láti inú àmù tirẹ̀.