Ta Ni Ó Fa Omi Kànga Wa Lọ ní Du?

Bí oṣù Ẹrẹ́nà bá ti wọlé ní ilẹ̀ Du, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Jọ́ọ̀sì, okùn dòrò a máa gùn sí i lójoojúmọ́. Kànga tí omi rẹ̀ súnmọ́ ẹnu nínú oṣù Ọ̀wàrà, ẹrẹ̀ ni à ń fà jáde nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni ìjà máa ń bẹ̀rẹ̀. Onílé tí kànga rẹ̀ gbẹ yóò wo ti aládùúgbò tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, yóò ní ọkùnrin náà ti fi oògùn fa omi òun lọ. Bí ẹni tí ó ń fi ẹ̀sùn kàn bá sì jẹ́ ẹ̀yà mìíràn, ọ̀rọ̀ omi lè di ọ̀rọ̀ ìlú. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kí á yẹ inú ilẹ̀ wò kí á tó bá ẹnikẹ́ni jà. Òótọ́ ni pé aládùúgbò lè mú kí kànga ẹni gbẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn ni yóò fi ṣe é.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé odò ńlá kan ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga kàn án ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà omi títí láé. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní òkè Jọ́ọ̀sì. Òkúta líle ni ó wà nísàlẹ̀ gbogbo agbègbè náà, òkúta náà kì í sì í gba omi sára. Ohun tí ń gba omi dúró ni èyí tí ó ti jẹrà lórí rẹ̀ láti ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún, tí ó di yangí, amọ̀ àti yanrìn, àti ojú sísán tí ó wà lára òkúta náà. Bí kànìnkànìn ni ilẹ̀ jíjẹrà yìí rí. Ó nípọn níbì kan, níbòmíràn òkúta ti yọrí síta. Ìdí nìyí tí ilé méjì fi lè fara kan ara wọn, tí ọ̀kan yóò kan omi, tí èkejì yóò kan òkúta.

Omi inú kànìnkànìn yìí kì í dúró lójú kan. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, apá kan nínú omi òjò a máa wọlẹ̀ lọ, títí yóò fi dé ibi tí gbogbo ihò inú ilẹ̀ ti kún. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa yọ́ rìn lọ sí ìsàlẹ̀, tí yóò fi yọ síta ní àfonífojì gẹ́gẹ́ bí ìsun. Òun ni ó ń mú kí odò máa ṣàn nígbà tí òjò kò rọ̀. Ìrìn rẹ̀ lọ́ra púpọ̀. Ní ọdún 1856, ẹnjiníà ará Faransé kan, Henry Darcy, tí ó fa omi wọ ìlú Dijon, fi hàn pé ohun méjì ni ó ń pinnu ìrìn yìí: bí omi ti ga ní apá kan ju apá kejì lọ, àti bí ilẹ̀ tí ó ń gbà kọjá ti fi àyè sílẹ̀ fún un. Nínú amọ̀ tí ó ki, ọdún kan lè yí po kí ó má tíì rìn ju ìbú ọwọ́ lọ.

Wàyí o, bí a bá ti fa omi nínú kànga, ojú omi ibẹ̀ a lọ sílẹ̀ ju ti àyíká lọ, omi a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà wá láti ìhà gbogbo. Bí ènìyàn bá lè la ilẹ̀ wò, yóò rí i pé ojú omi tí ó yí kànga ká ti tẹ̀ wọlẹ̀ bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò. Dòrò díẹ̀ láàárọ̀ kò lè ṣe àrọ ńlá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti padà sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bọhóòlù tí ẹ̀rọ ń fa omi rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ fún ilé tí ń di omi sínú ọ̀rá tà, àrọ tirẹ̀ lè fẹ̀ dé abẹ́ kànga mẹ́ta mẹ́rin. Kànga tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò bá jìn tó àrọ náà yóò gbẹ.

Ohun mìíràn wà ní Du àti àyíká Bukuru tí kò sí ní Ìbàdàn: àwọn kòtò tí wọ́n ti wa tánganran, èyí tí Haúsá ń pè ní kuza. Iṣẹ́ yìí àti rélùwéè ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa dé òkè Jọ́ọ̀sì. Ilẹ̀ oko àwọn Bírọ́ọ̀mù ni wọ́n sì hú. Bí kòtò bá ti jìn kọjá ojú omi abẹ́ ilẹ̀, omi a máa ya wọ̀ ọ́, àwọn awakùsà a sì máa fi ẹ̀rọ gbọ́n ọn dànù. Kànga tí ó tóbi bí ọjà ni wọ́n ń gbẹ́, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọjà tánganran dojú dé lágbàáyé ní ọdún 1985, iṣẹ́ tí ó ti ń rẹ̀yìn tẹ́lẹ̀ túbọ̀ rọ̀, àwọn kòtò tí a kò dí sì di adágún.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, láti inú adágún wọ̀nyí ni àwọn àgbẹ̀ ti ń fa omi sí oko pòtétò, kábéèjì àti tòmátì. Àwa tí à ń jẹ ẹ́ kò gbọdọ̀ bú wọn. Síbẹ̀, bí ojú adágún bá lọ sílẹ̀ ju ti kànga ẹ̀bá rẹ̀, omi kànga lè máa yọ́ lọ síbẹ̀. Bí adágún bá sì kún ju kànga lọ, omi rẹ̀ ni yóò máa wá, pẹ̀lú ìdọ̀tí yòówù tí a bá dà sínú rẹ̀. Bákan náà ni ti ṣalángá: kí ó jìnnà sí kànga tó 30 mítà, kí ó má sì ṣe wà lókè kànga, nítorí pé ojú sísán òkúta kì í sẹ́ omi bí yanrìn ti ń sẹ́ ẹ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbẹ́ kànga, kí ó dúró di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi ti lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Kànga tí a bá gbẹ́ nínú oṣù kẹjọ, tí a dúró níbi tí omi ti kọ́kọ́ sun, kì í pẹ́ gbẹ. Kí ó sì má ṣe reti pé òjò àkọ́rọ̀ yóò gbé omi sókè lọ́jọ́ kejì. Ilẹ̀ gbígbẹ tí ó wà lókè ni yóò kọ́kọ́ mu tirẹ̀. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ìyókù tó dé ìsàlẹ̀ kànga.