Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Ṣe Tí Windows Bá Kọ̀ Tí Kò Ṣí

Laptop kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ ń lò nílé wa. Orí ẹ̀ làwọn ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Orí ẹ̀ náà ni fídíò kan wà, níbi tí Màmá Àgbà ti ń gbàdúrà fáwọn ọmọ-ọmọ wọn kí wọ́n tó kú.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Windows ń gba update lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ. Bátìrì laptop náà ti kú tipẹ́, torí náà ojú ẹsẹ̀ ló pa. Nígbà tí iná dé, a tàn án títí, àmọ́ kò ṣí.

Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wò ó fìrí, ó ní: “Ẹ jẹ́ n bá yín fọ́máàtì ẹ̀, mà. Kò ní pẹ́.” Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ wa obìnrin tó béèrè pé: “Bọ̀ọ̀dá, fídíò Màmá Àgbà ńkọ́?”

Kí Ló Bà Jẹ́ Gan-an?

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì ló para pọ̀ di Windows. Tí iná bá lọ nígbà tó ń kọ ọ̀kan lára wọn lọ́wọ́, fáìlì yẹn lè bà jẹ́. Fáírọ́ọ̀sì náà lè bà á jẹ́. Àmọ́ fọ́tò àtàwọn ìwé yín kì í ṣe ara Windows. Ṣe ló dà bí ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn bá bà jẹ́: ẹ ò lè wọlé, síbẹ̀ ẹrù yín ṣì wà nínú yàrá.

Nígbà míì, hard disk gan-an ló ń kú lọ. Tó bá ń dún ko-ko-ko, tàbí tí fáìlì kàn ń pòórá, Windows tuntun ò lè wò ó sàn. Ẹ tètè kó ẹrù yín jáde, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ ẹ̀.

Ẹ Kọ́kọ́ Kó Ẹrù Yín Jáde

Ẹ lè lo kọ̀ǹpútà ẹlòmíì láti fi Linux, irú bí Ubuntu, sórí flash. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá tan laptop yín látorí flash náà, kẹ́ ẹ má fi Linux sínú ẹ̀ o, kẹ́ ẹ sì da àwọn fáìlì yín kọ síbòmíì. Tí BitLocker bá ti tì í pa, ó máa béèrè nọ́ńbà 48. Ó sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft yín.

Ohun tá a ṣe nìyẹn. Ìgbà tá a gbọ́ ohùn Màmá Àgbà lórí fóònù tá a dà á sí lọkàn wa tó balẹ̀.

Ẹ Gbìyànjú Àtúnṣe

Tí Windows 10 tàbí 11 bá gbìyànjú láti ṣí léraléra tí kò ṣeé ṣe, ó sábà máa ń gbé ojú ewé àtúnṣe wá. Ẹ kọ́kọ́ yan Startup Repair. Tó bá jẹ́ pé update ló dá wàhálà náà sílẹ̀, ẹ yan Uninstall Updates. System Restore máa ń dá Windows pa dà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kan fọ́tò yín.

Tó bá ń ṣí àmọ́ tó ń ṣe ségesège, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator. Ẹ tẹ DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth, ẹ dúró kó parí, kẹ́ ẹ wá tẹ sfc /scannow. Èyí àkọ́kọ́ lè jẹ dátà, torí ó máa ń wá fáìlì tó dáa lọ́dọ̀ Microsoft. Ìkejì á wá fi fáìlì tó dáa rọ́pò èyí tó bà jẹ́.

Ìgbà Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Lákọ̀tun

Tí àtúnṣe ò bá ṣiṣẹ́, tí fáírọ́ọ̀sì bá ti gbilẹ̀, tàbí tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ rà tẹ́ ò sì mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ó sàn kẹ́ ẹ fi Windows tuntun sí i. Nínú Reset this PC, Keep my files máa ń fi fáìlì yín sílẹ̀, àmọ́ ó máa yọ àwọn app tẹ́ ẹ fi sí i. Remove everything ò ní ṣẹ́ nǹkan kan kù. Cloud download lè jẹ ju 4GB dátà lọ. Ẹ sì tún lè fi flash 8GB ṣe é.

Tó bá jẹ́ ojúlówó Windows ló wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ò ní láti ra òmíì. Ẹ má ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ayédèrú sí i fún yín. Ẹ rántí pé Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹyìn fún Windows 10 dúró ní October 14, 2025, torí náà ẹ wò ó bóyá laptop yín lè gba Windows 11.

Gbogbo àtúnṣe tá a gbìyànjú ni ò ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn náà ló pa dà bá wa fọ́máàtì ẹ̀, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, àyà wa ò já. Fídíò Màmá Àgbà ti wà níbi mẹ́ta báyìí. Tí Windows bá tún bà jẹ́ lọ́la, a máa rí òmíì fi sí i. Àmọ́ ibo la ti fẹ́ rí ohùn Màmá Àgbà míì?