RÉDÍÒ ÀPÒ TÓ DÁKẸ́ KÒ TÍÌ KÚ

Wọ́n ní kí n kọ díẹ̀ sínú ìwé yìí nípa ohun tí mo fi ń dára yá, ìyẹn kíkó àwọn rédíò àpò àtijọ́ jọ àti títún wọn ṣe. Mọ́kàndínlógún ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Inú àpótí àwọn ará wa níbí ní Kàdúná ni mo ti rí púpọ̀ nínú wọn, nígbà tí àwọn ọmọ fẹ́ dà wọ́n sí ààtàn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wọn kò bàjẹ́ tó bí ẹ ṣe rò.

IBI TÍ WỌ́N TI WÁ

Rediffusion ni ọ̀pọ̀ ilé kọ́kọ́ mọ̀ nílẹ̀ wa. Ọdún 1935 ló bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Àpótí kan ni wọ́n ń gbé sí ilé onílé, wáyà ló sì ń gbé ohùn wá sínú rẹ̀. Òun ni àwọn àgbà ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Rédíò tí kò lo wáyà tóbi nígbà náà, nítorí fáàfù onígíláàsì inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná kó tó ṣiṣẹ́, ó sì ń jẹ iná púpọ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, John Bardeen àti Walter Brattain ṣe tíráńsísítọ̀ àkọ́kọ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe dáadáa, ó kéré bí hóró ẹ̀wà, kò sì nílò kí ó gbóná bí i fáàfù. Ní 1954, Regency TR-1 jáde, tíráńsísítọ̀ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, iye rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 49.95. Ní 1957, Sony gbé TR-63 jáde ní Japan. Akio Morita, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Sony sílẹ̀, sọ pé rédíò náà fi díẹ̀ tóbi ju àpò ẹ̀wù lọ, ni wọ́n bá rán ẹ̀wù alápò ńlá fún àwọn tó ń tà á.

Fún ẹni tó kúrò nílé wá sí òkè Ọya, ohun ńlá ni rédíò yìí. Ìgbì tí wọ́n ń kọ MW sí lójú rédíò kì í rìn jìnnà lọ́sàn-án, nítorí ìpele kan wà lójú òfurufú tó máa ń gbé e mì. Bí oòrùn bá wọ̀, ìpele náà á pòórá, ìgbì á lọ kan ìpele tó wà lókè rẹ̀, á sì padà sílẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá fi ń jókòó síta lálẹ́, tí wọ́n ń yí rédíò síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ohùn ilé á fi wọlé.

OHUN TÍ MO MÁA Ń WÒ

Ẹ má jẹ́ kí iye tíráńsísítọ̀ tí wọ́n kọ sójú rédíò tàn yín. Àwọn kan fi èyí tí kò ṣiṣẹ́ kankan kún un kí iye lè pọ̀. Bí ẹ bá rí àmì onígun mẹ́ta kéékèèké níbi 640 àti 1240, ẹ mọ̀ pé wọ́n ṣe é fún ọjà Amẹ́ríkà láàárín 1953 sí 1963.

BÍ A ṢE Ń TÚN UN ṢE

1. Ẹ yọ bátìrì àtijọ́ kúrò. Wàràwàrà là á yọ oró iná. Omi bátìrì ló ń pa rédíò jù. Ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ìpẹtà ibẹ̀, ẹ nù ún, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa.

2. Ẹ wo àmì + àti − kí ẹ tó fi bátìrì tuntun sí i. Bí ẹ bá fi sí i lódìkejì, tíráńsísítọ̀ lè jó.

3. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tàbí tó ń dún pù-pù-pù, ó ṣeé ṣe kí omi inú àwọn kàpásítọ̀ rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ fi èyí tí iye rẹ̀ bá tàtijọ́ mu rọ́pò rẹ̀. Fóòtì rẹ̀ lè ju tàtijọ́ lọ, kò gbọdọ̀ kéré sí i.

4. Ooru tètè ń ba tíráńsísítọ̀ àtijọ́ jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ jó o mọ́ ibì kan, ẹ fi ẹ̀mú di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

5. Ẹ má yí àwọn súkúrù aláwọ̀ tó wà nínú àwọn páálí irin kéékèèké. Ilé iṣẹ́ ló tò wọ́n, wọ́n sì tètè ń fọ́.

6. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi nu ara rẹ̀. Pẹtiróòlù àti tínnà máa ń yọ́ ike.

Ẹ má retí FM lórí púpọ̀ nínú wọn o.

KÍ Ẹ TÓ FI PAMỌ́

Rédíò tí mo bá tún ṣe, mo máa ń kọ orúkọ ẹni tó ni ín, ìlú tó ti rà á àti ọdún tó rà á sórí bébà kan, mo sì máa ń fi í sínú rẹ̀. Láìsí bébà yẹn, ike àti irin lásán ni. Kàpásítọ̀ wà lọ́jà. Ẹni tó lè sọ ìtàn rédíò yẹn kò sí lọ́jà. Púpọ̀ nínú àwọn tó rà wọ́n ti lọ, àwọn tó kù sì ti dàgbà. Nítorí náà, bí ẹ bá délé lónìí, ẹ bi Bàbá tàbí Ìyá léèrè ibi tí rédíò wọn wà, kí ẹ sì jókòó gbọ́ ìdáhùn wọn.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o.