Ṣé O Mọ̀? Ìyá Wà Lórí Ẹní, Ẹyẹ Rẹ̀ Ti Lọ

Ṣé o mọ̀ pé nínú ìtàn tiwa, obìnrin tó ń fò kì í sábà hu ìyẹ́? Bí ẹyẹ bá ké lórí páànù l'Ọ̀rányàn n'Ìbàdàn lóru, ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ ni pé ìyá kan ló rán an níṣẹ́. Ìyá fúnra rẹ̀ wà lórí ẹní, ó ń sùn. Ẹyẹ ló jáde.

Ṣé o mọ̀ pé òwìwí, tí wọ́n máa ń fura sí jù, kì í dún bó bá ń fò? Etí ìyẹ́ apá rẹ̀ rí wínníwínní, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ pariwo. Ó fẹ́ràn àjà ilé àtijọ́, irú èyí tó kún Bẹẹrẹ títí dé Ọjàaba, eku ló sì ń wá kiri. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ láàjìn?

Ṣé o mọ ibi tí ẹyẹ tí ìyá ń rán níṣẹ́ ti wá? Ifá ní Odù, Ògún àti Ọbàrìṣà ló jọ ń bọ̀ wá sáyé. Odù nìkan ni obìnrin nínú wọn, òun nìkan náà ni kò gba agbára kankan. Ó padà lọ bá Olódùmarè, ẹyẹ nínú igbá ni Olódùmarè sì gbé lé e lọ́wọ́.

Ìdí nìyẹn tí ẹyẹ fi wà lórí ọ̀pá irin Ọ̀sanyìn, ńlá kan lókè, kéékèèké yí i ká. Ẹyẹ tó wà lórí adé ìlẹ̀kẹ̀ ńkọ́? Àlàyé rẹ̀ pọ̀. Èyí tí mo gbà jù ni pé ọba kò lè jókòó pẹ́ lórí ìtẹ́ bí àwọn ìyá tó ni ẹyẹ kò bá fọwọ́ sí i.

Ṣé o mọ̀ pé nítorí àwọn ìyá yìí ni ọkùnrin ṣe ń wọ aṣọ obìnrin jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, tí òmíràn tiẹ̀ ń de ọyàn igi mọ́ àyà? UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ó sì wọ àkójọ wọn ní 2008. Benin, Nàìjíríà àti Togo ló jọ ni ín.

Níbòmíràn, obìnrin fúnra rẹ̀ ló ń gbéra. Ní Íjíbítì àtijọ́, Isis di àwòdì, ó rà bàbà lórí òkú ọkọ rẹ̀ títí ó fi lóyún Horus. Ní Ṣáínà, Chang'e mu oògùn àìkú, ó fò lọ sínú òṣùpá. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fún ọkọ̀ òfurufú tó balẹ̀ sí ẹ̀yìn òṣùpá ní 3 January 2019. Manananggal ti ilẹ̀ Philippines ń fi ìdajì ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni; bí ẹnìkan bá da iyọ̀ sí ìdajì náà, kò lè padà lẹ̀ mọ́ ọn mọ́. Soucouyant ti Trinidad ń bọ́ awọ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ń di iná.

Ti ìgbálẹ̀ ńkọ́? Ìwé àfọwọ́kọ ilẹ̀ Faransé kan, ti 1451, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ya obìnrin tó ń gùn ún. Onígi gígùn nìyẹn o. Ọwọ̀ tí wọ́n ń tà l'Ọjàaba, ibo lèèyàn fẹ́ jókòó sí lára rẹ̀?

Ká padà sílé: ṣé o mọ Atíńga, àwọn tó ń wá àjẹ́ kiri? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ìyá arúgbó sì wọ gàù. Láàárín 1950 sí 1951, àwọn Atíńga yìí gba Dahomey wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò; Gold Coast ni ìṣe wọn ti ṣẹ̀. Wọ́n ń fọ́ ojúbọ òrìṣà, wọ́n sì ń tọ́ka sí àwọn ìyá pé wọ́n ní ẹyẹ. Ìyá tó bá ní òun kọ́, wọ́n á dúńbú adìyẹ, wọ́n á wo bó ṣe dùbúlẹ̀ kú, kí wọ́n tó dá a láre tàbí lẹ́bi. Adìyẹ, tí kì í fò jìnnà! Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de àwọn Atíńga ní 1951.