Ta Ló Sọ Ọ́? Báwo Ló Ṣe Mọ̀?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014. Àìsàn Ebola ti wọ Èkó láti ogúnjọ́ oṣù keje. Lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, àhesọ gba ìlú kan pé kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu ún. Àwọn kan mu ún, wọ́n dèrò ilé ìwòsàn. Ìròyìn sọ pé àwọn mìíràn tilẹ̀ kú. Iyọ̀ kọ́ ló lé Ebola lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń wá gbogbo ẹni tó ti fara kan aláìsàn kiri láti ilé dé ilé ni, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá pé Nàìjíríà ti bọ́. Ogún ènìyàn ló kó o, mẹ́jọ kú.

Lóru ọjọ́ omi iyọ̀ yẹn, ta ló wà nínú ilé yín tó lè béèrè pé, "Ta ló sọ ọ́? Báwo ló ṣe mọ̀?"

Yunifásítì Èkó wà ní Akoka níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ rìn díẹ̀ sí ìhà Bariga, ẹ ó rí ọmọ ilé ìwé girama tó ń kiri omi inú ọ̀rá bí wọ́n bá ti jáde ilé ìwé. Kò sówó ìwé ìròyìn nílé, iná kì í dúró. Ẹnìkan lè wí pé, "Pásítọ̀, ebi ń pa ọmọ, ẹ̀ ń sọ ti ìlú òyìnbó!" Ará mi, ọ̀wọ́n oúnjẹ náà ní ọwọ́ ìlú òkèèrè nínú. Ní oṣù kejì ọdún 2022, Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine. Ìlú méjèèjì yìí ló ń ta ohun tó ju ìdámẹ́rin àlìkámà tí ayé ń rà nílẹ̀ òkèèrè. Òkèèrè ni Nàìjíríà sì ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú tirẹ̀. Búrẹ́dì wọ́n ní Bariga. Ọmọ tó bá mọ èyí kò ní rò pé ìyá oníbúrẹ́dì nìkan ló ṣìkà.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta kí àwọn ènìyàn lè máa kàwé. Àlùfáà Denis Slattery, tó dá St. Finbarr's College ti Akoka sílẹ̀ ní 1956, ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn rí.

Kí ni a lè ṣe? Ẹ lẹ àwòrán ilẹ̀ ayé mọ́ ògiri. Bí ẹ bá ka ìwé ìròyìn tán, ẹ má fi wé àkàrà; ẹ fún ọmọ aládùúgbò. Ẹ gbọ́ ìròyìn Yorùbá lórí rédíò pẹ̀lú wọn, kí wọ́n wá ìlú tí a dárúkọ lórí àwòrán náà. Kí wọ́n sì bi ara wọn léèrè: ta ló sọ ọ́, ta tún ni ó jẹ́rìí sí i, báwo ni ó ṣe kan ìkòkò ọbẹ̀ wa?

Bíbélì ròyìn àwọn ọmọ Ísákárì pé wọ́n mọ ìgbà. Ẹnìkan ló kọ́ wọn. Ní alẹ́ òní, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè kan nípa ìròyìn, kí ẹ sì ní sùúrù gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.