Ẹ Jẹ́ Ká Kó Àwọn Ọmọ Wa Lọ sí Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Jos

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kò jìnnà sílé. Ẹ bi àwọn ọmọ tí ẹ bí sí ìlú yìí bóyá wọ́n ti wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wa rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè sọ pé ọgbà ẹranko tó wà níbẹ̀ nìkan ni àwọn mọ̀. Kìnnìún ni wọ́n lọ wò, wọn kò mọ̀ pé ohun tó ju kìnnìún lọ wà nítòsí.

Ọdún 1952 ni wọ́n ṣí ilé náà. Bernard Fagg, òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba nígbà náà, ló dá a sílẹ̀. Ohun tó sọ ibẹ̀ di olókìkí ni àwọn ère amọ̀ Nok. Abúlé ni Nok, ní gúúsù Kàdúná. Ibẹ̀ ni àwọn awakùsà ti rí orí ọ̀bọ kékeré kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ, ní 1928. Ní 1943, wọ́n tún hú orí èèyàn kan jáde ní apá Jema'a. Akọ̀wé ibi ìwakùsà kan gbé e lọ sóko iṣu rẹ̀, ó sì gbé e sórí igi kí ó máa lé ẹyẹ. Ó tó ọdún kan tí orí náà fi ṣọ́ oko kí ọ̀gá ibi ìwakùsà tó rí i, tó sì fi í ránṣẹ́ sí Fagg.

Ẹ gbọ́ ná. Orí tó ti lé ní ọdún 2,000, tí gbogbo ayé ń kàn sáárá sí lónìí, ẹyẹ ni wọ́n ń fi í lé! A kò dá akọ̀wé yẹn lẹ́bi, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ṣùgbọ́n àwa tí wọ́n ti sọ fún ńkọ́?

Lẹ́yìn ère Nok, ẹ má ṣe sáré kọjá níbi àwọn ìkòkò. Ìyáàfin Sylvia Leith-Ross ló ṣa wọ́n jọ káàkiri Nàìjíríà, tó sì kọ ìwé nípa wọn ní 1970. Ẹni tó bá gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà rí yóò dúró níbẹ̀ pẹ́, torí àmù omi, ìsaàsùn ọbẹ̀ àti ìkòkò àgbo kì í ṣe àjèjì sí i. Ọmọ tó jẹ́ pé ike àti fíríìjì nìkan ló mọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti mọ ohun tó ń mú omi tutù kí iná mànàmáná tó dé.

Níta, ilé ló kù tí ẹ óò wò. Zbigniew Dmochowski, ọmọ ilẹ̀ Pólàńdì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya àwòrán ilé, lọ káàkiri Nàìjíríà, ó ń wọn ilé àtijọ́, ó sì ń yà wọ́n sórí ìwé. Òun ló wà nídìí àwọn àwòṣe tí wọ́n kọ́ sínú ọgbà náà: odi Kánò, mọ́sálásí Zaria àti abúlé àwọn Tiv. Ní ìlú tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn ní 2001, 2008 àti 2010 lórí ọ̀rọ̀ onílẹ̀ àti àlejò, ó dùn mọ́ wa pé ibì kan wà tí ohun ìní gbogbo wa jókòó pa pọ̀ tí wọn kò bá ara wọn jà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn wá. Ní 1987, àwọn olè wọ ilé náà, wọ́n kó ohun 9 lọ. Orí idẹ Ifẹ̀ kan wà lára wọn. Orí yẹn la òkun kọjá. Ní 2007, ẹnì kan rà á ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó sì padà yọjú ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ti ọlọ́pàá. Ẹ̀yin èèyàn wa, orí Ifẹ̀ ni o, láti Jos níbí! Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó jí i? Ohun tí onílé kò mọ iye rẹ̀, olè á bá a mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ dára, ṣùgbọ́n ojú àwọn tó ń wá wò ó ni ẹ̀ṣọ́ tó dára jù.

Nítorí náà, a ń bẹ ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin lémọ̀mù. Ẹ yan ọjọ́ Sátidé kan nígbà ìsinmi, kí ẹ kó àwọn ọmọ lọ. Ẹ mú àgbàlagbà kan dání tó lè pe orúkọ ìkòkò kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá. Ẹ pe ọmọ aládùúgbò tó jẹ́ Bẹ̀rọ́ọ̀mù tàbí Haúsá mọ́ wọn, kí òun náà pe tirẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá délé, kí kálukú kọ ohun mẹ́ta tó rí sílẹ̀. Ọmọ tó bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ kò ní jẹ́ kó sọnù láìbéèrè.